Ìwé ẹ̀rí wo ni ó tọ́ kí ẹni tó fẹ́ darí ọkọ̀ ìgbafẹ́ lórí omi orílẹ̀-èdè mìíràn ní lọ́wọ́?

Ọmọ Ọlọ́kọ̀:

Ẹ̀yin àgbà wa nínú ọ̀rọ̀ omi, mo kí yín o. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ìbátan wa mẹ́rin ti ń tu owó jọ láti ọdún tó kọjá kí a lè háyà ọkọ̀ onígbòkun kan tí gígùn rẹ̀ tó mítà 12 fún ọ̀sẹ̀ kan ní Kroatíà, èmi ni yóò sì darí rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ní ọdún tó tẹ̀lé e a ó háyà ọkọ̀ tó ní yàrá tí a lè sùn sí, lórí àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ ilẹ̀ Faransé. Ìlú Ọba ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìtukọ̀. Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni Day Skipper ti RYA, ìyẹn Royal Yachting Association, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìtukọ̀ ìgbafẹ́ ní Ìlú Ọba. Kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan, nítorí ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lórí omi pẹ̀lú olùkọ́ kí n tó gbà á.

Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú ni pé ẹnu àwọn ènìyàn kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí òfin Ìlú Ọba kò ti béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìgbafẹ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbòmíràn. Ilé iṣẹ́ tí a fẹ́ háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn ní tiwọn ní kí n fi ICC ránṣẹ́, wọ́n sì tún mẹ́nu ba ìwé ẹ̀rí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ICC yìí gan-an, ta ni ó ń fún ènìyàn, ǹjẹ́ ó sì tó fún ibi méjèèjì tí a ń lọ?

Ìdákọ̀ró:

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Ọmọ Ọlọ́kọ̀. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ nípa Ìlú Ọba, ibi tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ni kò tọ́. Òfin ibẹ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ọkọ̀ ìgbafẹ́ kékeré tí kò tó mítà 24 ní gígùn, bí kò bá ti gba owó lọ́wọ́ èrò. Ṣùgbọ́n òfin Ìlú Ọba nìyẹn, kì í ṣe òfin òkun.

Kí ẹ tó wádìí orúkọ ìwé ẹ̀rí èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: àsíá orílẹ̀-èdè wo ni ọkọ̀ náà ń ta, irú omi wo ni yóò rìn, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sì ń san owó nítorí ìrìnàjò náà? Gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tí mo máa ń rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ló ń wá láti inú pé ẹni kan ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń dáhùn ìkẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àsíá, nítorí òun ló kàn yín jù. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tiyín tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí ẹ sì wà á dé etíkun orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin orílẹ̀-èdè tí àsíá rẹ̀ wà lára ọkọ̀ ni ó máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ náà lọ lórí ọ̀ràn ẹni tó lè darí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ lè béèrè ẹ̀rí pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ háyà ní Kroatíà yàtọ̀ pátápátá. Àsíá Kroatíà ni ó ń ta, a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òfin Kroatíà ni yóò sì sọ ẹni tó lè di ìdarí rẹ̀ mú. Ibi tí a bí yín sí tàbí ibi tí ẹ ń gbé kò yí èyí padà.

Ní ti ICC, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni International Certificate of Competence. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ọrọ̀ ajé Yúróòpù, èyí tí a mọ̀ sí UNECE, ló fi lélẹ̀ nínú ìpinnu wọn ogójì, ìyẹn Resolution No. 40, ní ọdún 1998. Èrò wọn ni pé kí ọlọ́pàá èbúté ní orílẹ̀-èdè kan lè mú ìwé tí orílẹ̀-èdè mìíràn kọ lọ́wọ́, kí ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìwá ògbufọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ràn ni ìpinnu yìí jẹ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè, kì í ṣe àdéhùn tó so wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kan gbà á wọlé, àwọn kan kò gbà á, àwọn mìíràn kò sì gbà á wọlé ní ìlànà ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún un nígbà tí wọ́n bá rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè fún yín ní ìdáhùn kan tó kárí gbogbo ayé.

Orí ìwé náà ni a ti ń tọ́ka sí ohun tí ẹni tó ni ín lè ṣe: lẹ́tà C dúró fún omi etíkun, I fún odò àti adágún inú ilẹ̀, M fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, S fún ọkọ̀ onígbòkun. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16 kò lè gbà á. Ní Ìlú Ọba, RYA ni ìjọba fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, níwọ̀n bí ẹ sì ti gba Day Skipper lórí omi, ẹ kò nílò ìdánwò mìíràn fún apá etíkun. Ẹ ó kàn fi fọ́ọ̀mù, àwòrán yín àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́ ni. Ọdún márùn-ún ni yóò fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó tún un gbà. Nígbà tó bá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa pé S wà lára rẹ̀, torí mo mọ ẹni tó gbé ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì nìkan lọ háyà ọkọ̀ onígbòkun.

Ìyá Ìbejì:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìdákọ̀ró sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Kroatíà kún un, torí pé ibẹ̀ ni mo ti jẹ ìyà àìmọ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, mo ní ICC tó péye, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí a dé èbúté ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ẹrù àti àwọn ọmọ, ẹni tó fẹ́ fa ọkọ̀ lé wa lọ́wọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí rédíò VHF. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní i. Ilé iṣẹ́ tó bá wa ṣètò ọ̀nà náà kò sọ ọ́ fún wa rí, èmi náà kò sì ka àdéhùn háyà dé ìparí. Wọn kò fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ojútùú kan ṣoṣo tó wà ni pé kí a gba atukọ̀ ará ibẹ̀ kan fún odidi ọ̀sẹ̀ náà, kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí a máa bọ́ ọ, kí a sì fún un ní ibi tí yóò sùn nínú ọkọ̀ tí àwa fúnra wa ti há mọ́. Ènìyàn rere ni, ó sì kọ́ wa ní ohun púpọ̀, àmọ́ owó tí a kò múra sílẹ̀ fún ni.

Nítorí náà, ẹ fọkàn sí i pé ìwé méjì ni Kroatíà ń béèrè nínú ọkọ̀ tí a háyà: ìwé ẹ̀rí ìdarí ọkọ̀ àti ìwé ẹ̀rí ìlo rédíò. Ti rédíò kò pọn dandan kí ó jẹ́ ti olùdarí ọkọ̀. Bí ẹlòmíràn nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bá ní i, ó tó. Iléeṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun máa ń gbé ìwé àkójọ kan jáde, níbi tí wọ́n ti to orúkọ àwọn ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí ọkọ̀ tí ìwé kọ̀ọ̀kan kárí ṣe tóbi tó àti ibi tó lè rìn dé. Ẹ wá orúkọ ìwé yín nínú àkójọ náà fúnra yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò lè ràn án, nítorí ẹni tó ń háyà ọkọ̀ kò láṣẹ láti yí i padà. Ẹni tí kò ní ìwé kankan lè ṣe ìdánwò ti Kroatíà fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá èbúté, àwọn àlejò púpọ̀ sì máa ń ṣe é.

Ìwé ẹ̀rí rédíò tí ẹ ń wá ni Short Range Certificate, tí a ń pè ní SRC. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni, pẹ̀lú ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ka ẹ̀kọ́ yìí sí ọ̀ràn ìwé lásán. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ìkànnì 16 ni a ti ń pe ìpè ìrànlọ́wọ́ ní ohùn, pé ìkànnì 70 ni rédíò fi ń ránṣẹ́ pàjáwìrì fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì pupa náà mọ́lẹ̀, àti pé nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án tí a fi sínú rédíò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀ṣọ́ etíkun fi ń mọ ọkọ̀ tó wà nínú ewu. Láàárín òru, nígbà tí ìjì bá ń jà, kò sí àkókò láti ka ìwé ìtọ́sọ́nà.

Ohun kan kù. Ojúlówó ìwé ni kí ẹ kó dání. Àwòrán inú fóònù kò tó fún ọlọ́pàá èbúté.

Òkun Kì Í Gbẹ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Èmi ti lo ICC mi ní Gíríìsì lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó béèrè nǹkan mìíràn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ti ní ICC ti parí ọ̀rọ̀ ní gbogbo Yúróòpù, lórí òkun àti lórí odò.

Atọ́kọ̀:

Òkun Kì Í Gbẹ, ẹ má bínú o, mo ní láti ta kò yín díẹ̀. Ní Gíríìsì, orí ẹni kejì nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ẹ bá háyà ọkọ̀ onígbòkun láìgba atukọ̀ mọ́ ọn, ìwé ẹ̀rí olùdarí nìkan kò tó, wọ́n tún ń béèrè orúkọ ẹnì kan mìíràn nínú ọkọ̀ tó mọ ìtukọ̀ dé ìwọ̀n tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni náà lè má ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n yóò buwọ́ lu ìwé pé òun mọ iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí aya yín tàbí ọ̀rẹ́ yín ti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ìwé mìíràn, kí ẹ má sì ṣàkíyèsí rẹ̀.

Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan buwọ́ lù ú. Bí olùdarí ọkọ̀ bá ṣubú sómi, ẹni kejì yẹn ni yóò yí ọkọ̀ padà láti gbé e, òun náà ni yóò sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọmọ Ọlọ́kọ̀, bí ìyàwó yín bá ní àǹfààní, ẹ jẹ́ kí òun náà lọ sí ẹ̀kọ́ díẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Kroatíà, bí òfin ibẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Odò Tútù:

Ibi tí mo ti fẹ́ ṣàtúnṣe sí ọ̀rọ̀ Òkun Kì Í Gbẹ ni ti odò. Ọdún mélòó kan ni mo ti ń wa ọkọ̀ ara mi lórí àwọn odò àti odò àfọwọ́gbẹ́ Yúróòpù, mo sì lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé ICC tí kò ní lẹ́tà I lára kò bo ẹnikẹ́ni lórí omi inú ilẹ̀.

Kí a tó fi lẹ́tà I sí i, ẹni náà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò lórí CEVNI, ìyẹn àkójọ òfin ìrìnàjò lórí omi inú ilẹ̀ Yúróòpù, tí UNECE kan náà ṣe. Ìdánwò kúkúrú ni, ìbéèrè tí a ń mú ìdáhùn láti inú ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a kọ́ lórí òkun, ẹni tó bá sì gbé ìmọ̀ òkun wọ inú odò láìkọ́ èyí lè pa ara rẹ̀ lára. Lórí òkun, a ti kọ́ wa pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń yà fún ọkọ̀ onígbòkun. Lórí odò, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 20 ni òfin kà sí ọkọ̀ kékeré, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá, yálà ó ta ìgbòkun tàbí kò ta. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gòkè odò lè gbé pátákó búlúù kan tó ní iná funfun tó ń ṣẹ́jú jáde. Ohun tó ń sọ ni pé apá ọ̀tún sí apá ọ̀tún ni òun fẹ́ kí a fi kọjá lára ara wa, èyí tó yàtọ̀ sí apá òsì tí a mọ́ wa lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí pátákó náà, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kìkì nítorí ìdánwò yẹn. Bákan náà ni ti àwọn ilẹ̀kùn omi tí ọkọ̀ ń gbà gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀: iná pupa kan ní kí a dúró, iná pupa méjì lórí ara wọn ní ilẹ̀kùn náà kò ṣiṣẹ́, pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé ní wọ́n ń múra láti ṣí i, àwọ̀ ewé ní kí a wọlé.

Ẹ̀wẹ̀, Ọmọ Ọlọ́kọ̀, ọ̀rọ̀ tiyín lórí odò ilẹ̀ Faransé rọrùn ju èyí lọ. Bí ẹ bá háyà ọkọ̀ onílé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ́n lè kọ́ yín bí a ṣe ń wà á ní èbúté, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní carte de plaisance, tó ń ṣiṣẹ́ fún àkókò háyà náà nìkan. Ẹ kò nílò ICC fún ìyẹn. Ìgbà tí ẹ bá ra ọkọ̀ tiyín tí ẹ sì wà á wọ inú odò ilẹ̀ Faransé ni ọ̀ràn ICC pẹ̀lú CEVNI yóò dìde. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, n ó ka òfin CEVNI kí n tó lọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe ní èbúté kò gùn rárá.

Ní Nẹ́dálándì, òfin wọn yàtọ̀ sí ti Faransé. Wọn kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń rọra rìn. Bí ọkọ̀ bá gùn tó mítà 15, tàbí bí ó bá lè sáré ju kìlómítà 20 lọ láàárín wákàtí kan, ìgbà náà ni ìwé àṣẹ di dandan.

Afẹ́fẹ́ Ìrọ̀lẹ́:

Mo rí i pé ọkọ̀ onígbòkun ni gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ tó ń ka ìjíròrò yìí ni kò ní ta ìgbòkun láé, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n fẹ́ háyà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Agbára ẹ́ńjìnnì ni òfin fi ń pín wọn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ṣe ń pín in.

Ítálì ló fàyè sílẹ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 40.8 lọ, ìyẹn kìlówáàtì 30, kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín bí ẹ kò bá jìnnà ju máìlì òkun 6 lọ sí etíkun. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852, ẹ má ṣe fi í wé ti orí ilẹ̀. Tí ẹ bá kọjá máìlì 6 yẹn, ìwé di dandan, bí ẹ́ńjìnnì náà tilẹ̀ kéré. Ní ilẹ̀ Faransé, ibi tí ìdíwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí kéré gan-an: ẹ́ńjìnnì tó bá ti ju agbára ẹṣin 6 lọ nílò ìwé àṣẹ. Ìwé etíkun wọn kò kọjá máìlì 6 sí ibi ààbò, ẹni tó bá fẹ́ rìn jù bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ìdánwò kún un. Ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé Faransé kan náà kò béèrè ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ onígbòkun lórí òkun. Jámánì fi ìdíwọ̀n tirẹ̀ sí agbára ẹṣin 15.

Spéìn wo agbára ẹ́ńjìnnì àti gígùn ọkọ̀ pọ̀. Láìsí ìwé, ẹ lè wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò ju mítà 5 lọ, tí agbára rẹ̀ kò ju kìlówáàtì 11.26 lọ, ìyẹn nǹkan bí agbára ẹṣin 15, ní ojúmọmọ nìkan, láìjìnnà ju máìlì 2 lọ sí èbúté tàbí ibi ààbò. Lókè ìyẹn, àwọn ìwé wọn wà ní ìpele ìpele. Èyí tí àwọn ará Spéìn ń gbà jù ni PER, tó fàyè gba ọkọ̀ tó gùn tó mítà 15 títí dé máìlì 12 sí etíkun.

Ẹni tó ń háyà ọkọ̀ kékeré láìsí ìwé gbọ́dọ̀ rántí pé òfin ìkọlura lójú omi ti ọdún 1972, tí a mọ̀ sí COLREGs, mú òun náà bí ó ti mú ọkọ̀ akẹ́rù. Èyí ń bà mí lọ́kàn jẹ́ púpọ̀, nítorí mo ti rí i tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, tí ẹni náà kò sì mọ ẹni tó yẹ kí ó yà fún.

Àṣálẹ́ Etíkun:

Ẹ kú ìjíròrò. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lè sọ ti Amẹ́ríkà? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́ ìtukọ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ́ bá wa lọ sí òkun Mẹditaréníà gẹ́gẹ́ bí olùdarí ọkọ̀.

Ìdákọ̀ró:

Àṣálẹ́ Etíkun, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Ní Florida, ẹni tí a bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ààbò lójú omi kí ó tó wa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó agbára ẹṣin 10. Ní California, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọjọ́ orí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Kánádà ní tirẹ̀ ní káàdì kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àlejò tí kò bá sì lò tó ọjọ́ 45 níbẹ̀ lè wa ọkọ̀ tirẹ̀ tó gbé wá láìní i.

Àwọn káàdì yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò. Wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó lè darí ọkọ̀ onígbòkun mítà 12 wọ èbúté tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́. Nítorí pé Amẹ́ríkà kò gba Resolution No. 40 wọlé, ìjọba ibẹ̀ kì í fún ènìyàn ní ICC. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ bíi American Sailing Association àti US Sailing ṣe ni pé wọ́n ń fún àwọn tó yege lọ́dọ̀ wọn ní International Proficiency Certificate, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ háyà ní Mẹditaréníà sì máa ń gbà á. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó san owó, kí wọ́n sì dá yín lóhùn ní kíkọ pé wọ́n gbà á.

Kí òun náà múra sílẹ̀ fún àwọ̀ àwọn àmì tó ń léfòó. Ní Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún ni àmì pupa máa ń wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń ti òkun bọ̀ wá sí èbúté. Ní Yúróòpù, apá òsì ni. Ìwé ẹ̀rí kò ní rán an létí èyí nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ọ̀dọ́ Atukọ̀:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí bí ìbéèrè mi bá yà díẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ san owó fún mi kí n lè darí ọkọ̀ wọn, ǹjẹ́ ICC mi tó?

Ìdákọ̀ró:

Kò tó. ICC wà fún ìgbafẹ́ nìkan, ibí sì ni ìbéèrè kẹta tí mo sọ lókè ti wọlé. Òfin Ìlú Ọba gbà kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ dá owó jọ fún ohun tí ìrìnàjò náà gan-an ná wọn, bí epo àti owó èbúté. Ìgbà tí owó bá ti wọ àpò yín nítorí pé ẹ̀yin lẹ darí ọkọ̀, iṣẹ́ ni, ìwé iṣẹ́ ni yóò sì béèrè.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni Yachtmaster Offshore ti RYA, èyí tí a kì í kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 50 lórí omi, kí ó ti rin máìlì 2,500, kí ó sì ti rin ìrìnàjò márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju máìlì 60 lọ, tí méjì nínú wọn mú òru kọjá, tí òun fúnra rẹ̀ sì darí ọkọ̀ nínú méjì. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí rédíò àti ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gba òǹtẹ̀ iṣẹ́ sórí rẹ̀, èyí tó ń béèrè àyẹ̀wò ìlera, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń là á já lójú omi, àti ẹ̀kọ́ lórí ojúṣe atukọ̀ tó ń gbowó. Ọdún márùn-ún ni òǹtẹ̀ náà máa ń lò. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbé èrò mẹ́fà tó san owó, ẹ sì nílò ọjọ́ 360 lórí omi kí ẹ tó lè béèrè fún un.

Ọ̀dọ́ Atukọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìrìnàjò yín sílẹ̀ láti òní. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ọkọ̀, ibi tí ẹ ti gbéra àti ibi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, iye máìlì, iye wákàtí òru, kí ẹni tó darí ọkọ̀ sì buwọ́ lù ú. Mo mọ àwọn tó mọ ìtukọ̀ dáadáa tí wọ́n pàdánù ọdún méjì nítorí pé wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ gba owó pẹ̀lú. Ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ háyà ń wo àkọsílẹ̀ ìrírí ènìyàn ju ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ mọ bí ọkọ̀ tí ẹ ti darí rí ṣe gùn tó, àti ibi tí ẹ ti fi ìdákọ̀ró dá a dúró. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò náà lè béèrè ju ohun tí òfin béèrè lọ. Bí ìwé àdéhùn ìbánigbófò bá sọ pé kí olùdarí ní irú ìwé báyìí, tí ẹ kò sì ní i, wọ́n lè kọ̀ láti san owó nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ àpáta, bí ọlọ́pàá èbúté kò tilẹ̀ rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ rìn tún ní ìwé ọkọ̀ láti kó dání: ìwé ìforúkọsílẹ̀, ti ìbánigbófò, àti ìwé àṣẹ rédíò ọkọ̀. Ìwé àṣẹ rédíò ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí ẹni tó ń lo rédíò. Ọ̀pọ̀ ń pa méjèèjì pọ̀.

Ọmọ Ọlọ́kọ̀:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi fọ́ọ̀mù ICC ránṣẹ́ sí RYA pẹ̀lú ẹ̀dà Day Skipper mi, mo sì bèèrè fún S àti M ní apá etíkun. Mo ti rí orúkọ ICC ti Ìlú Ọba nínú àkójọ àwọn aláṣẹ Kroatíà, mo sì fi ojú ìwé náà pamọ́. Ìyàwó mi ló fẹ́ ṣe SRC. Ó ní bí òun bá jẹ́ ẹni kejì nínú ọkọ̀, òun ni ó yẹ kí òun mọ bí a ṣe ń pe ìrànlọ́wọ́, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Àwa méjèèjì la forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà ní oṣù tó ń bọ̀.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ háyà pé kí wọ́n sọ fún mi ní kíkọ pé ìwé méjèèjì tó fún ọkọ̀ mítà 12 náà, wọ́n sì ti dáhùn pé ó tó. Ohun tí ó kù ni CEVNI. N kò tíì nílò rẹ̀ ní ti òfin, àmọ́ lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Odò Tútù nípa pátákó búlúù yẹn, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Odò Tútù, bí ẹ bá ní ààyè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi bí ènìyàn ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ ògiri nínú ilẹ̀kùn omi nígbà tí omi bá ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Odò Tútù:

Ẹ má ṣe so ó mọ́lẹ̀ pinpin rárá. Ẹ yí okùn po irin tó wà létí ògiri lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan di ìdí okùn náà mú lọ́wọ́, kí ó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí okùn bá há nígbà tí omi ń lọ, ọkọ̀ yóò so rọ̀ mọ́ ògiri. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú sí ìtòsí.